Ẹni Tó Tẹrí Ba Kì Í Rí Fíìmù

Nínú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀ṣuntóyìn ní Ìlora, ẹni tí wọ́n ń dirun fún kì í rí fíìmù. Bó ti wù kí tẹlifíṣọ̀n náà tóbi tó, orí onítọ̀hún á wà láàárín orúnkún onídìrí, ojú rẹ̀ á máa wo ilẹ̀. Nítorí náà ni àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ṣe máa ń sọ ọ́ fún un. Kò sẹ́ni tó fi í ṣòfin, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣáà ń ṣe é.

"Kí ló ṣe báyìí?" ni ẹni tó tẹrí ba á bèèrè.

"Ó ń sunkún ni. Ẹkún irọ́! Ó fọwọ́ bojú, ó wá ń yọjú wò wọ́n láàárín ìka."

Ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ jù nínú wọn ni Ìyá Ikrimah. Ó ti ta ìrẹsì fún àwọn ọmọ ilé-ìwé títí ó fi dàgbà, ohùn tó fi ń pè wọ́n kò sì tíì kúrò lọ́fun rẹ̀. Irun orí rẹ̀ ti re dànù nígbà àìsàn kan, kò hù mọ́, ìbòrí ló fi ń bò ó. Kò sí ohun tí onídìrí lè bá a ṣe. Fíìmù ló ń bá wá. Tó bá ti di Sátidé, kí fíìmù Àdùkẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, á ti jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, á ti ra kúlíkúlí tí gbogbo wọn á jẹ dání.

Àdùkẹ́ inú fíìmù náà jẹ́ olówó tó ń lé ìyá olómi kan kúrò lẹ́nu géètì rẹ̀ lójoojúmọ́, láìmọ̀ pé ìyá náà ló bí òun. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló mọ̀. Àdùkẹ́ nìkan ni kò mọ̀.

"Bí mo bá pàdé ọmọ yìí níta, màá gbá a létí," ni Tahirah, oníbàárà kan, wí láti ilẹ̀ tó tẹrí ba sí.

"Tahirah, orí tìẹ gan-an ń bẹ lọ́wọ́ ẹni tó mú òòyà, o wá ń halẹ̀," Ìyá Ikrimah dá a lóhùn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Bí Àdùkẹ́ bá dirun tuntun nínú fíìmù, irun náà ni wọ́n á máa bèèrè. "Àǹtí, ẹ dì mí ní Àdùkẹ́." Àwọn mìíràn ń ti Awẹ́ wá, wọ́n ń ti Fìdítì wá.

Fìdítì yìí ni wọ́n bí Ọ̀ṣuntóyìn sí. Ilé wọn kò ní tẹlifíṣọ̀n. Lójú fèrèsé aládùúgbò ni àwọn ọmọdé ti máa ń wo fíìmù, òun sì kúrú, ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń wà, àwọn tó ga ló ń sọ ohun tí wọ́n rí fún un. Títí di òní, bó bá rántí àwọn fíìmù ìgbà náà, kì í ṣe àwòrán ló ń rántí. Ohùn ni.

Lọ́dún tó kọjá, ó lọ kọ́ṣẹ́ kún iṣẹ́ nílùú Ìbàdàn. Obìnrin tó kọ́ wọn wọ bàtà gogoro. Ó ní ariwo fíìmù ló ń lé àwọn ènìyàn ńlá sá, pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọ̀ṣuntóyìn lára. Bó ṣe dé, ó ta tẹlifíṣọ̀n, ó kun ògiri ní funfun, ó gbé bẹ́ǹṣì kúrò, ó sì fi díńgí gígùn kan sí ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà.

Nígbà tó di Sátidé, Ìyá Ikrimah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá ibi tó máa jókòó sí.

"Ọmọ mi, tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́, mà. A ti yí ètò padà ni. Àwọn tó bá fẹ́ dirun nìkan ló ń jókòó níbí báyìí."

Ìyá Ikrimah fọwọ́ kan ìbòrí rẹ̀. "Áà. Èmi ò sì nírun." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó gbé ọ̀rá kúlíkúlí rẹ̀ sórí àga kan, ó yí padà.

Ọ̀ṣuntóyìn lanu láti pè é. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó gbé mọ́tò wá ń wò ó nínú díńgí, ó sì pa ẹnu náà dé.

Kò pẹ́ tí Dára, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, gbé tẹlifíṣọ̀n àlòkù kan lé orí páálí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀hún wá. Tahirah kọ́kọ́ sọdá, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Obìnrin onímọ́tò kò padà wá mọ́.

Ọmọbìnrin kan wá láti Awẹ́. "Àǹtí, ẹ dì mí ní Àdùkẹ́ onílẹ̀kẹ̀."

"Èwo nìyẹn?"

"Háà! Ẹ ò wo ti Sátidé tó kọjá ni?" Ó wo ògiri funfun náà yí ká, ó rọra sọdá títì.

Ọ̀ṣuntóyìn wá ń wo fíìmù náà lórí fóònù nílé. Ó rí irun náà, ó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n, Àdùkẹ́ ti dirun mìíràn. Nígbà tí Àdùkẹ́ fẹsẹ̀ ta kẹ́ẹ̀gì ìyá olómi nù, Ọ̀ṣuntóyìn pariwo "Háà!" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ó ra tẹlifíṣọ̀n mìíràn, ó dá bẹ́ǹṣì padà. Bẹ́ǹṣì náà kàn wà níbẹ̀ lásán. Ló bá lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ikrimah nílé rẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Kò sí ìjà," ni ìyá wí. "Ṣùgbọ́n Dára ti rán tìmùtìmù sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ fún mi, torí ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé kó gbé e kúrò?"

Ọ̀ṣuntóyìn dìde, ó dágbére.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sọdá títì, ó tú gèlè. Dára fò dìde. "Ọ̀gá mi! Ṣé kò sí o?"

"Dì mí ní Àdùkẹ́."

Ọ̀ṣuntóyìn jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó tẹrí ba. Bàtà àwọn ènìyàn ló ń rí, àti èérún kúlíkúlí nílẹ̀. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún un.

"Kí ló ṣe báyìí?" Ohùn rẹ̀ kéré bíi tọmọ ojú fèrèsé Fìdítì.

Ìyá Ikrimah wúkọ́.

"Wọ́n ti sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ni o. Ó ń sáré lọ sẹ́nu géètì, kò tiẹ̀ wọ bàtà."

"Ìyá náà ńkọ́?"

"Kẹ́ẹ̀gì nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyá ti lọ."

"Ó tọ́ sí i!" ni Tahirah wí.

"Tahirah, panu mọ́. Jẹ́ kó sunkún tiẹ̀."

Omijé Ọ̀ṣuntóyìn kán sórí èérún kúlíkúlí.

"Ọ̀gá mi," Dára rọra wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mirí."