Ọta Mẹ́jọ àti Rọ́kẹ́ẹ̀tì Kan

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ọmọ́jọlá wọ bọ́ọ̀sì ní Ìkìrun, ó gba Ìnísà kọjá lọ bá bàbá rẹ̀ ní Òkukù. Ọmọ ogun òfurufú ni Ọmọ́jọlá, ohun ìjà tí ọkọ̀ òfurufú ń gbé sì ni iṣẹ́ rẹ̀. L'Ọ́jọ́rú, yóò dúró níwájú àwọn ọ̀gá l'Ábùjá láti sọ èyí tó yẹ kí wọ́n rà. Bàbá rẹ̀, Tímótì Mákánjúọlá, ti fi ọdún mẹ́rìnlélógún yin àgbá nínú iṣẹ́ ológun kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ kí bàbá kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

Ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì. "Bàbá, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń tẹ̀ lé iná lésà tí a bá tàn sí ohun tí a fẹ́ bà nìyí. Owó ẹyọ kan á ra ọta àgbá mẹ́jọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ ra ọta mẹ́jọ, jàre!"

"Mélòó lẹ máa ń yìn kí ọ̀kan tó bá ohun tẹ́ ẹ fojú sùn?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn. Wọ́n ní àwọn yin ọgọ́ta lọ́jọ́ kan nítorí afárá kan ṣoṣo. Afárá ò wó. Oko ẹ̀gẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ló di kòtò, díẹ̀ ló kù kó kan ilé. "Tiyín ńkọ́, báwo ló ṣe ń ṣìnà tó?"

"Kì í sábà ju ìṣísẹ̀ méjì lọ."

Bàbá dìde, wọ́n gbé ìṣísẹ̀ méjì kúrò nídìí àga, wọ́n dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀. "Èyí nìkan? Láti òkè lọ́hùn-ún? Ọmọ ènìyàn mà gbọ́n o!"

Inú Ọmọ́jọlá dùn. Ó ti ń ká ìwé rẹ̀ nígbà tí wọ́n ní, "Tí ọyẹ́ bá bo ilẹ̀ ńkọ́? Ṣé iná yẹn á ríran?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó mọ̀ pé eruku ọyẹ́ ń dí lésà lójú, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ síbì kankan. Ó wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí wọn.

Ló bá jókòó padà. Ó kọ àdó olóró tí sátẹ́láìtì ń darí kún un: ó wọ́n ju rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ò ní í ṣe é ní nǹkan kan. Kí wọ́n ra rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ, kí wọ́n ra ìwọ̀nba èkejì fún oṣù ọyẹ́.

L'Ọ́jọ́rú, ọ̀gá kan béèrè ọ̀rọ̀ ọyẹ́ lóòótọ́. Ọmọ́jọlá dáhùn, wọ́n sì gba ìmọ̀ràn rẹ̀. Bó ṣe jáde, ó pe Òkukù.

"Bàbá, wọ́n ní ta ló ronú débẹ̀. Mo ní bàbá mi ni, ológun àgbá."

"Dúró," ni Bàbá wí, "jẹ́ n pe ìyá ẹ wá. Tún un sọ kó gbọ́."