Lẹ́tà Inú Férémù Ìyá Mùíbátù

Ọ̀gá Ṣótúndé rán mi lọ sí Ọ̀tà láti wá ilé tí àjọ wa máa fi ṣe ọ́fíìsì kejì. Àwa la ń bá ìjọba ṣọ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta iná mànàmáná fáráàlú, Abẹ́òkúta la sì ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi Ọláníkẹ́ ni olórí àwọn tó ń gba ẹ̀sùn. Kí n má purọ́, mo ti yan ilé kí n tó gbéra: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì funfun kan ní Ìyànà Ìyẹsí, nítòsí yunifásítì, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í sinmi. Ilé kejì wà láàárín Ọ̀tà àtijọ́. Mo kàn fẹ́ yọjú síbẹ̀ kí wọ́n má baà sọ pé mi ò débẹ̀ ni.

Ìyá Mùíbátù, opó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló ni ín. Ó fi mí jókòó sínú yàrá tó fẹ́ fi yá wa. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ yàrá náà ṣú díẹ̀, ó tutù bí inú àmù. Fáànù kan rọ̀ lókè àjà, kò mì. Láti ọ̀nà jíjìn, orin àwọn kọ́áyà ṣọ́ọ̀ṣì kan ń bọ̀ lẹ́lẹ́ lórí páànù àwọn ilé, ó ń dàpọ̀ mọ́ ìró ẹ̀rọ àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Ṣàngó. Oorun fẹ́ gbé mi lọ. Ó dà bíi pé gbogbo ìlú ló ń tàn, àfi yàrá yìí nìkan tí wọ́n gbàgbé.

"Màmá, swíìṣì yín wà ní títàn o."

"Mi ò kì í pa á, ọmọ mi. Ọdún mẹ́ta rèé. Tí iná bá dé tó bá a ní pípa, ó lè rò pé kò sẹ́nìkan nílé, kó kọjá lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbójú sókè, mo rí férémù mẹ́ta lára ògiri. Fọ́tò ọkọ rẹ̀ olóògbé wà nínú ọ̀kan. Ọ̀kan ṣófo. Lẹ́tà ló wà nínú ẹ̀kẹta, dígí rẹ̀ mọ́ kedere.

"Ìjọba ló kọ ọ́ sí mi," ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún. "Ìgbà mọ́kànlá ni mo kọ̀wé nípa transfọ́mà àdúgbò wa tó jó. Wọ́n ní àwọn ti yanjú ẹ̀. Òun ni mo ń retí."

Mo dìde kà á. Iléeṣẹ́ iná ló sọ fún wa nígbà náà pé àwọn ti tún un ṣe, a sì lu òǹtẹ̀ lé e láì débẹ̀ wò: A TI YANJÚ RẸ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ojú tì mí. Mo fẹ́ sọ fún Màmá pé èmi nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kọ ìròyìn mi: ilé Ìyá Mùíbátù ni, kí wọ́n má sì gbé jẹnẹrétọ̀ kankan wá. Ọ̀gá Ṣótúndé béèrè bóyá orí mi pé.

"Sà, tí fáànù tiwa kì í bá dúró, báwo la ṣe máa mọ̀ pé tàwọn aráàlú ti dúró?"

Ó kùn títí, ó gbà.

A kó lọ. Lọ́jọ́ kìíní, a kún yàrá náà, ìtutù rẹ̀ lọ, a làágùn títí bébà fi ń lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo kọ ẹ̀sùn àkọ́kọ́ fúnra mi, transfọ́mà yẹn kan náà, mo fi ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, níbi tí Láńre, igbákejì mi, ti jókòó sórí àga mi àtijọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èsì dé. A TI YANJÚ RẸ̀.

Ìyá Mùíbátù rí òǹtẹ̀ náà, ó dá a mọ̀, inú rẹ̀ dùn. "Bá mi gbé férémù tó ṣófo yẹn."

Mo di férémù náà mú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e kọ́. Irọ́ ni. Ti àkọ́kọ́ náà, irọ́ ni, èmi ni mo fọwọ́ sí i."

Ó wò mí. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó yíjú sí ara ògiri.

"Ṣé kí n wá pa swíìṣì náà ni?"

"Ẹ má pa á, Màmá."

Mo pe Láńre. Mo ní kó gbé àga yẹn, kó máa bọ̀ ní Ọ̀tà.