Ìgbálẹ̀ Orogún Méjì

"Gbé e kúrò níwájú mi."

Adéfúnkẹ́ ò gbé e. Ó fi abọ́ ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ náà sílẹ̀ lórí àpótí, ó sì jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Màámi, láti àná lẹ ò ti jẹ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹnu kàn án."

"Oúnjẹ tí ò níyọ̀, tí ò lépo. Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Nọ́ọ̀sì ló ní kẹ́ ẹ dín iyọ̀ kù."

"Nọ́ọ̀sì yẹn ò ju ọmọ ọmọ mi lọ." Ìyá Fúnkẹ́ yíjú sí ògiri. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mo ti ń bẹ láyé. Iyọ̀ ni mo fi jẹ gbogbo ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí Adéfúnkẹ́ ti gbé ìyá rẹ̀ kúrò nílé bàbá wọn l'Ọ̀jọ́, tó mú un wá sílé tirẹ̀ n'Ìbà, níbi tó ti ń ránṣọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló dé. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó bá fẹ́ kí màmá yìí pẹ́ láyé, kó má jẹ́ kí wọ́n máa bínú, kó wá ìfọ̀kànbalẹ̀ fún wọn. Ìfọ̀kànbalẹ̀ kẹ̀? Nínú ilé tí Ìyá Ṣàkírù, orogún wọn, wà? Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí orogún méjèèjì ti ń bá ara wọn jà. Bàbá tí wọ́n ń jà lé lórí ti kú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Wọ́n ṣe opó rẹ̀ tán, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ìjà níbi tí wọ́n bá a dé.

Igi fúrúùtù kan wà láàárín àgbàlá. Ní gbogbo àárọ̀ ayé, Ìyá Ṣàkírù, tó jẹ́ ìyálé, á gbá ewé ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Ìyá Fúnkẹ́. Ìyá Fúnkẹ́ á jáde, á gbá a padà, á sì fi èébú lé e. Èébú tó bá ṣẹ́kù, wọ́n á fi jẹ oúnjẹ àárọ̀. Adéfúnkẹ́ dàgbà sínú ìjà yìí, ó sì kórìíra rẹ̀ dé ọkàn. N'Ìbà, ó gbé fáànù sí yàrá ìyá rẹ̀, ó gbé tẹlifíṣọ̀n sí i. Ẹnikẹ́ni ò bú màmá mọ́. Màmá sì ń rù lọ, ó ń gbẹ lójoojúmọ́.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ṣàkírù ni, àkọ́bí bàbá wọn, ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ìyá mi ń kú lọ," ó ní. "Ìwọ lo fà á."

Adéfúnkẹ́ dìde. "Bọ̀ọ̀dá, kí ni mo ṣe fún wọn? Mo gbé ìyá tèmi kúrò lọ́wọ́ wọn ni."

"Wọn ò jẹun mọ́. Wọn ò dìde mọ́. Bí mo bá bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á ní èmi kọ́ ni àwọn fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

"Irọ́ lẹ ń pa. Ẹ wá wò ó bóyá ìyá mi ti kú ni, kẹ́ ẹ lè fi ayálégbé sí yàrá wọn. Mo mọ̀ yín."

"Ó dáa. Ọlọ́run á bi ọ́."

Ìyá Fúnkẹ́ ti jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Adéfúnkẹ́ ò mọ ìgbà tó dìde. "Ṣàkírù, ta ló ń gbálẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ń gbá a, mà. Wọ́n ní ta ni kí àwọn gbá a sí."

"Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀lẹ ni." Màmá ń fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ nílẹ̀. "Gbé mi lọ."

"Ẹ ò lọ síbì kankan." Adéfúnkẹ́ dúró dí ẹnu ọ̀nà. Inú bí i débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. "Gbogbo bí mo ṣe ń ṣe yìí, ojú ọ̀tá yẹn ló wù yín ju tèmi lọ?"

Ìyá rẹ̀ ti rí bàtà, ó ń wọ̀ ọ́. "O ń tọ́jú mi, mi ò ní purọ́. Obìnrin yẹn ò tọ́jú mi rí. Ṣùgbọ́n tí mo bá jí nílé yẹn, mo mọ nǹkan tí mo jí sí."

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló gbé wọn dé Ìyànà Ìbà, òmíràn gbé wọn wọ Ọ̀jọ́. Adéfúnkẹ́ gbé abọ́ oúnjẹ náà lé ẹsẹ̀.

Ewé ti bo àgbàlá. Ìyá Ṣàkírù sùn sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ti rù hangogo. Ó la ojú kan.

"O ò tíì kú?"

"Ẹ̀yin náà ò tíì kú," ni Ìyá Fúnkẹ́ wí. "Ẹ wo ẹ̀gbin tẹ́ ẹ kó jọ. Àgbà òṣìkà."

Ó mú ìgbálẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbá ewé, ó dúró mí, ó tún gbá a, títí ó fi gbá a dé ẹsẹ̀ ẹní. Ìyá Ṣàkírù di ògiri mú, ó sì dìde. Ṣàkírù, tí kò rí i kó nàró láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fọwọ́ bo ẹnu.

"Má gbá ìdọ̀tí lù mí, aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ilé ọkọ mi nìyí kí wọ́n tó gbé ìwọ wọ̀ ọ́."

Adéfúnkẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan kó lọ là wọ́n, ó sì dúró. Ó dùn ún. Ó dùn ún wọra. Ẹ̀jẹ̀ ti padà sí ojú ìyá rẹ̀, òun kọ́ ló sì dá a padà.

"Fúnkẹ́, oúnjẹ mi dà? Bu iyọ̀ sí i."

"Iyọ̀ kẹ̀?" ni Ìyá Ṣàkírù wí. "Ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Jẹ ẹ́, kó o tètè kú, kí n ráyè gbálẹ̀ mi."

Ìyá Fúnkẹ́ gba abọ́ náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. "Torí tiyín, mi ò jẹ iyọ̀ mọ́." Ó jẹ ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ náà láìníyọ̀, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ojú rẹ̀ ò kúrò lára orogún rẹ̀.

Ìyá Ṣàkírù ti ń wo ilẹ̀ káàkiri. "Ìgbálẹ̀ tèmi dà?"

"Ó ti já, mà," ni Ṣàkírù dáhùn. "Ẹyọ kan yẹn ló kù."

Adéfúnkẹ́ tú gèlè rẹ̀, ó fi nu ojú, ó sì gbé báàgì ìyá rẹ̀ wọ yàrá. Nígbà tó jáde, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká lọ ra ìgbálẹ̀ kan sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹyọ kan ò tó. Ẹni tí ò bá rí ìgbálẹ̀ mú lọ́la á tún dùbúlẹ̀, kò sì ní jẹun."