Àbẹ́là Lára Ilẹ̀kùn Láídé

Olúṣẹ̀yẹ ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Ògúndípẹ̀ tó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Inú ilé kan ní Festac ni wọ́n ti ń ya fíìmù tí wọ́n pè ní Ọkọ Láídé. Olúṣẹ̀yẹ ni olùdarí, Ògúndípẹ̀ sì ni káfíńtà tó kan àwọn ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ṣeré.

Nígbà náà, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀. Olùdarí á sọ ìtàn fún àwọn òṣèré, á ní, "Ó yá, kí lo máa sọ?" Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá dùn á sì sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ há. Láídé ti ń fura pé ọkọ tí òun fẹ́ràn fẹ́ pa òun, ìyá àgbà sì gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún un. Mọ̀nsúrát tó ń ṣe ìyá àgbà kò rí nǹkan kan sọ ju "Ṣọ́ra o" lọ. Wọ́n tún un ṣe títí, ó sú wọn. Ògúndípẹ̀ tó ń gbá èérún igi nílẹ̀ ló gbórí sókè.

"Ẹ ní kí wọ́n sọ pé, 'Láídé, ilẹ̀kùn tó ń ké kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Èyí tí wọ́n fi àbẹ́là pa lẹ́nu mọ́ ni kí o sá fún.'"

Mọ̀nsúrát sọ ọ́, ayé sì gbà á. Àwọn kọ̀ǹdọ́kítọ̀ Mile 2 ń fi í bú ara wọn. Àwọn ọmọbìnrin Apple Junction ń fi í lé ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sára kásẹ́ẹ̀tì fíìmù náà ni pé Olúṣẹ̀yẹ ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu inú rẹ̀. Ògúndípẹ̀ lọ bá a. Olúṣẹ̀yẹ, tó tún jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó kàwé, rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ tí o sá kúrò ní ìwé mẹ́rin? Ta ló máa gbà ẹ́ gbọ́?"

Láti ọjọ́ náà, tí Olúṣẹ̀yẹ bá gba ọ̀tún, Ògúndípẹ̀ á gba òsì. Ó fi ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n jọ ń lọ sílẹ̀, àmọ́ ìdílé rẹ̀ ṣì ń lọ síbẹ̀. Juliana ìyàwó rẹ̀ ní kó jẹ́ káyé gbọ́, ó kọ̀. "Olè ló ń dá ẹrù padà," ló wí. "Olóhun kì í tọrọ ohun tirẹ̀." Kò sọ ọ́ létí ọmọ kankan.

Lọ́jọ́ kan, Ọlábùnmí, ọmọbìnrin àbíkẹ́yìn rẹ̀, wọlé tó ń yọ̀.

"Bàbá, àwa ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ wo Ọkọ Láídé lọ́sàn-án Sátidé. Kálukú máa sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn jù níbẹ̀. Bàbá Olúṣẹ̀yẹ gan-an ń bọ̀!"

"Èwo ló wù ẹ́?"

Ó gbọ̀n ohùn bí arúgbó, ó sọ ọ̀rọ̀ àbẹ́là. "Ọpọlọ bàbá yẹn mà pé o!"

Ògúndípẹ̀ wò ó títí. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ yin olè.

"Mo ń bọ̀."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ò wá síbi ìgbéyàwó Ẹ̀gbọ́n Débọ́lá ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa torí pé bàbá yẹn ni alága?"

"Iwájú ni màá jókòó."

Nígbà tó di Sátidé, gbọ̀ngàn kún. Nígbà tí wọ́n wo fíìmù tán, Dammy, olórí àwọn ọ̀dọ́, mú máìkì dání. Ẹnì kan ké pé, "Tó o bá fẹ́ fún mi ní májèlé, fọwọ́ ara rẹ gbé e wá, mi ò gba nǹkan lọ́wọ́ àlejò!" Òmíràn ní, "Mo mọ ìṣísẹ̀ rẹ láàárín ogún èèyàn, àmọ́ mi ò mọ ibi tó ń lọ!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó kan ọ̀rọ̀ àbẹ́là, gbogbo ilé ló jọ sọ ọ́. Wọ́n ní kí Olúṣẹ̀yẹ wá ròyìn bó ṣe rí i.

Ó dìde pẹ̀lú ọ̀pá. "Ìmísí Ọlọ́run ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo wà lórí àdúrà nídàájí, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn aládùúgbò ń ké..." Ojú rẹ̀ bá ti Ògúndípẹ̀ pàdé. Ó gbójú kúrò.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Dammy wí. "Kí ló dé tó fi jẹ́ àbẹ́là? Kí ló dé tí kì í ṣe epo? Láti kékeré ni mo ti ń rò ó."

"Ẹnjiníà ti dé!" ni ẹnì kan fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àbẹ́là... Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń mú iná lọ nígbà yẹn..."

"Wọ́n ṣì ń mú un lọ, sà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olúṣẹ̀yẹ kò rẹ́rìn-ín.

Ògúndípẹ̀ mọ ìdáhùn. Epo á kán láti ara híńjì, irin tó gbé ilẹ̀kùn ró, á fi àmì sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọlé pa èèyàn kò ní fẹ́ àmì. Àbẹ́là tí wọ́n bá fi ra híńjì kì í kán, ilẹ̀kùn ò sì ní ké mọ́. Ìdáhùn náà dé eyín rẹ̀, ó sì sé e mọ́bẹ̀. Tó bá sọ ọ́, wọ́n á ní káfíńtà arúgbó kan ran Bàbá lọ́wọ́. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n á wá di ìrànlọ́wọ́.

"Ẹ bi ẹni tó wà níwájú yẹn," ni Olúṣẹ̀yẹ wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

Ògúndípẹ̀ mi orí pé rárá.

"Bàbá, ẹ̀yin ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀," ni Ọlábùnmí sọ sí i létí.

"Mo gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni kò tíì sọ òótọ́."

Olúṣẹ̀yẹ wo ọmọbìnrin náà, ó wo bàbá rẹ̀, ó wá gba máìkì lọ́wọ́ Dammy.

"Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ àbẹ́là. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Kò sí àdúrà ìdájí kankan. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn, Ògúndípẹ̀ ló sọ ọ́. Ó wá bá mi, mo sì fi ìwé tí kò kà bú u. Mo jí i lẹ́nu ẹ̀, mo sì ń fi í jẹun títí dòní."