Pátákó Ewu Lẹ́bàá Oko Ẹ̀pà

Ẹ má bá mi wá àwáwí kankan. Èmi Olúwafisáyọ̀ ni mo ṣe é, orí mi sì pé nígbà tí mo ń ṣe é.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan la wà. Sokha ń gbé ní Cambodia, Yesid ní Colombia, èmi ní Ìlobù, Rísíkátù ọ̀rẹ́ mi ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Orí fóònù la ti ń ṣèpàdé. Ohun tá à ń jà fún ni pé kí gbogbo ìjọba ayé jáwọ́ nínú bọ́ǹbù tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, èyí tó máa ń dúró de ẹsẹ̀ àgbẹ̀ àti ọmọdé lẹ́yìn tí ogun bá ti parí. Ọ̀kan nínú wọn ló gé ẹsẹ̀ òsì Sokha nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ẹgbẹ́ wá ní kí oníkálukú ri pátákó ìkìlọ̀ mọ́ ilẹ̀ kan nílùú ẹ̀, kó ya fọ́tò ẹ̀, kí aráyé lè mọ bó ṣe máa rí ká ní ilẹ̀ tiwọn ni. Yesid ri tiẹ̀ sí pápá bọ́ọ̀lù. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n ni màá lò. Ṣebí ìjà ilẹ̀ ti lé àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀, ṣebí ó tẹ́jú, ṣebí fọ́tò ẹ̀ máa dáa.

Rísíkátù ò fara mọ́ ọn. Ó ní, "Fisáyọ̀, wo ẹ̀pà lọ́hùn-ún. Ẹnì kan ti padà sóko."

"A ò kúkú ní í fọwọ́ kan ẹ̀pà ẹ̀."

"Wọ́n máa rò pé ìlú kan ló ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ de ìkejì ni. Ṣé orí ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń fi pátákó ṣeré?"

"Ìwọ náà, o ti ń ṣojo jù!"

Bí mo ṣe dá a lóhùn nìyẹn. Mo ti kun àwọn pátákó náà ní ọ̀dà pupa. Èmi fúnra mi ni mo tú ọ̀rọ̀ ara wọn sí Yorùbá, mo sì ń fi yangàn: EWU! BỌ́ǸBÙ WÀ LÁBẸ́ ILẸ̀ YÌÍ. Nígbà tá a rì wọ́n tán, oòrùn ti wọ̀, fọ́tò ò lè mọ́lẹ̀ mọ́. Rísíkátù ní ká hú wọn. Mo ní ká fi wọ́n sílẹ̀ di àárọ̀, mo tún wá ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀, fóònù mi kú, mo ní kí n ṣáàjì ẹ̀ ná. Oòrùn ti mú gan-an ká tó débẹ̀.

Màmá kan dúró sáàárín àwọn pátákó wa. Wọn ò jókòó, wọn ò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, wọ́n gbá agbọ̀n mọ́ àyà. Títì la kọ ojú pátákó sí, àmọ́ ọ̀nà ẹ̀yìn oko ni màmá gbà wọlé. Àárín ni wọ́n dé kí wọ́n tó bojú wẹ̀yìn kà á. Bíbélì Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ìwé kíkà. Ká ní mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní èdè òyìnbó ni, wọn ì bá ti kọjá lọ ní tiwọn.

Bí wọ́n ṣe rí wa, wọ́n figbe ta. "Ẹ má wá o! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ sá padà lórúkọ Jésù! Bọ́ǹbù wà níbí!"

Mo ki eré mọ́lẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ń bẹ̀ mí. "Ọmọ olọ́mọ, má kú nítorí mi. Èmi ti dàgbà."

Mo ń fò sókè sódò lórí ilẹ̀ bíi wèrè. "Màmá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀! Èmi ni mo kọ ọ́!"

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà. Fọ́tò la fẹ́ yà."

"Fọ́tò," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń wò mí. Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n fọ́ mi létí. Wọ́n ní kí n máa lọ níwájú, ojú ẹsẹ̀ mi gan-an ni wọ́n sì ń tẹ̀ títí a fi dé títì. Ìtọ̀ ti rin ìró wọn. Mo ṣe bí ẹni tí ò rí i.

A hú gbogbo pátákó. Rísíkátù sáré lọ ṣàlàyé ní Ìfọ́n kí ariwo tó gba ìlú. Nígbà tí mo ròyìn fún ẹgbẹ́, Yesid ní kí n má da ara mi láàmú, pé mi ò ní èrò ibi lọ́kàn. Sokha ní tiẹ̀ bi mí pé, "Ṣé màmá náà ti padà sóko?"

Mi ò mọ̀. Ojú tì mí pé mi ò tiẹ̀ ronú kan ìyẹn rárá.

Mo ní kí Rísíkátù mú mi lọ sílé màmá náà ní Ìfọ́n. Ìyá Victoria ni wọ́n ń pè wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Mo ti dárí jì ẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká bá yín hú ẹ̀pà yín, mà. Ó ti gbó."

Wọ́n tẹ̀ lé wa. Nígbà tá a dé etí oko, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n tún gbé e padà sórí títì. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ṣeé ṣe.

"Mo gbà ẹ́ gbọ́, mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹsẹ̀ mi ni ò gbà."

Èmi àti Rísíkátù la wọlé lọ. Ìyá Victoria jókòó sẹ́bàá títì. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ ni mò ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn mi: "Rọra o. Jọ̀wọ́, rọra tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi."