Ìhó Ọṣẹ Lábẹ́ Ọkọ̀ Issa

"Saadat, kí lo fi sínú ọbẹ̀ tí o gbé fún Yèyé lánàá?"

Kò kí ènìyàn, kò bèèrè àlàáfíà, ẹnu ọ̀nà ni Issa ti ké e, kí àwọn ọlọ́kadà ìlú Òsì lè gbọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Saadat gbójú sókè níbi tó ti ń to sílíńdà gáàsì tó ń tà.

Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ti ti Ìlọrin wálé ọdún Iléyá ló ti ń fi ògbólógbòó ọkọ̀ eré-ìje onílẹ̀kùn méjì rẹ̀ gbé ìyá wọn kiri Kòrò àti Àràròmí. Gbogbo ìgbà tí màmá bá sì padà dé, orí fífọ́ àti èébì ni. Issa kò rí ẹlòmíràn dá lẹ́bi àfi àbúrò rẹ̀ tó ń se oúnjẹ. Ó ti di ẹrù màmá báyìí, ó ní Ìlọrin ni yóò máa gbé, kí wọ́n má baà fi májèlé pa á.

"Bọ̀dá, inú ọkọ̀ yín nìkan ni Yèyé ti ń ṣàìsàn. Ẹ ti gíláàsì pa, ẹ ń jó tùràrí. Èéfín wo lẹ ń bò mọ́lẹ̀?"

"Ìlara ló ń yọ ọ́ lẹ́nu!"

"Ẹ ṣíná ọkọ̀ náà nísinsìnyí tí páìpù èéfín rẹ̀ ṣì tutù."

Issa ṣíná. Saadat gbé abọ́ omi ọṣẹ tó fi ń yẹ ẹnu sílíńdà wò bóyá ó ń jò. Ó ki àkísà tútù bọ ẹnu sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde, ó ní kí Issa fẹsẹ̀ tẹ àkísà náà mọ́ ọn, kí èéfín lè wá ibòmíràn gbà. Issa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ ejò. Saadat tẹ́ ẹní, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń ta ọṣẹ sí oríkèé páìpù náà. Ìkíní kò hó. Issa rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí ìpẹtà ti dá ilẹ̀ ọkọ̀ lu, ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hó yaya.

"Ẹ wá wo ọbẹ̀ mi!"

Issa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí i. Kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó pa ọkọ̀, ó pòṣé.

Màmá wọn, tó jókòó ti ẹrù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ló sọ̀rọ̀. "Mo ti ń gbóòórùn èéfín yẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Èmi ni mo ní kó máa jó tùràrí, kó má baà mọ̀ pé ọkọ̀ ẹ̀ ń ni mí lára."

Ọ̀rọ̀ náà dun Saadat dé egungun. "Ẹ gbọ́ tó ń pè mí ní apààyàn, Yèyé, ẹ dákẹ́?"

"Ìwọ, ilé lo wà. Bí wọ́n bú ọ láàárọ̀, wàá ṣì se ọbẹ̀ lálẹ́. Òun, bí mo bá mú un bínú, ó lè má wá mọ́."

Saadat da omi ọṣẹ náà nù. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, kò dáná.