Iye Ọkọ̀ Tó Wà Lẹ́yìn

Kò sí ohun tí Mùínátù ní tí kì í dun Adétutù. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà nílé-ìwé ní Mahintedo ni owú ti ń jẹ ẹ́: Mùínátù mọ ìṣirò, Mùínátù mọ ọkọ̀ wà, àní ẹ̀rín rẹ̀ pàápàá ń bí i nínú. Nítorí náà, lọ́dún 1954, tí Tíṣà Olówòkéré ní kó bá òun mú èsì ìdánwò sikọ́láṣíìpù Mùínátù lọ fún un, ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Òun náà ti ṣe ìdánwò yìí, èsì tirẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀: máàkì méjìdínlọ́gọ́rin ló gbà nínú Bíbélì tó yàn. Mọ́kànlélọ́gọ́ta péré ni Mùínátù, ọmọ ìmàle, gbà nínú ìṣirò. Nọ́ńbà mìíràn wà nísàlẹ̀ ìwé méjèèjì, àádọ́rin lára tirẹ̀, mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún lára ti Mùínátù, ṣùgbọ́n ó rò pé nọ́ńbà ìjókòó ni. Inú rẹ̀ dùn jọjọ. Ó sọ fún Mùínátù pé ó ti fìdí rẹmi, ó sì tọ́jú ìwé náà sọ́wọ́. Mùínátù sunkún, ó bá bàbá rẹ̀ lọ pẹja ní Abereke.

Lọ́jọ́ kẹta, Adétutù kó ìwé méjèèjì lọ fi yangàn fún Tíṣà. Tíṣà mi orí.

"Tí wọ́n bá ń fi ọkọ̀ díje ní Ugbonla, ta ló ń ka iye ìgbà tí o fi àjẹ̀ lu omi? Iye ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ là ń bèèrè. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ṣe Bíbélì, àádọ́rin lo fi sẹ́yìn. Ìṣirò le, nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣe é, mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ló wà lẹ́yìn Mùínátù. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣọ́ àwọn tó ń fúnni ní sikọ́láṣíìpù yìí, wọn ò mú ẹni tí kò fi àádọ́rùn-ún sẹ́yìn rí."

Ó ní kó sọ fún Mùínátù pé ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yóò gbéra láàárọ̀ ọ̀la, àti pé ẹni tí kò bá yọjú ti pàdánù nìyẹn.

Adétutù kò sọ pé Abereke ni Mùínátù wà. Tó bá panu mọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó jókòó ti èrò yìí títí, ó dùn mọ́ ọn, kó tó di pé ó mú àjẹ̀, tó wa ọkọ̀ forí lé Abereke. Lójú ọ̀nà, ó dẹwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń retí kí ilẹ̀ ṣú kó lè rí àwáwí padà.

Ó bá Mùínátù nídìí ẹja tó ń yan.

"Ìwọ ni wọ́n máa mú," ló wí. "Mo ṣì í kà, mo sì fi ìwé rẹ pamọ́."

Mùínátù fi ẹja sílẹ̀. Ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà á yára ju Adétutù lọ. Ìyẹn náà tún dun Adétutù.